Ẹgbẹ́ Orí Fóònù Kò Gbọdọ̀ Jẹ́ Ilé Tí Kò Ní Òfin

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹbọ, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọdún. Ọ̀rọ̀ ìwà ni. Ìwà tí à ń hù sí ara wa nínú àwọn ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ lórí WhatsApp, lórí Telegram àti lórí Facebook ti di ohun tí àgbà kan kò gbọdọ̀ máa wò níran mọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ó ṣòro báyìí láti rí ìlú tí Oníṣẹ̀ṣe wà tí wọn kò ní ẹgbẹ́ lórí fóònù. Àwọn ọmọ tí olúwo kan tẹ̀ nífá ní ẹgbẹ́ tiwọn, àwọn ọlọ́ṣun ní tiwọn, àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ Ifá náà ní tiwọn. Láti ọdún 2022 ni WhatsApp ti gbà kí ènìyàn 1,024 wà nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ rò ó wò: gbọ̀ngàn awo wo ni ènìyàn 1,024 ti lè jókòó pọ̀? Ẹni tó wà ní Ọ̀yọ́, ẹni tó wà ní Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, ẹni tó wà ní Salvador ní Brazil, ẹni tó wà ní Havana ní Cuba àti ẹni tó wà ní London lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà ní ìṣẹ́jú kan náà. Ohun rere ni. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun kò ní irú àǹfààní yìí láti fi gbọ́ ohùn ilé.

Ṣùgbọ́n a kó èrò wọ ilé, a kò sọ èèwọ̀ ilé fún wọn. Ohun tó wá ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ kò dára. Àárọ̀ a mọ́, a bá èébú. Ọ̀sán a pọ́n, a bá àwòrán ohun tí ojú ọ̀gbẹ̀rì kò gbọdọ̀ rí. Alẹ́ a lẹ́, ẹnì kan ti ń polówó oògùn àwúre. Ẹni tó wá kọ́ Ifá yóò dákẹ́, yóò sì yọ́ jáde. Ẹni tó wá jà ni yóò kù.

Èrò tiwa lórí ọ̀rọ̀ yìí kò gùn. Ìpàdé awo ni ẹgbẹ́ orí fóònù, kì í ṣe ọjà. Òfin tó dè wá níwájú Ifá ló yẹ kó dè wá níbẹ̀. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo ènìyàn rí i kà, kí ó sì kọ́kọ́ de àwọn àgbà tó gbé e kalẹ̀ kí ó tó de ọmọdé.

OHUN TÍ IFÁ TI FI KỌ́ WA

Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ Ifá mọ ìtàn tó wà nínú Ìká Òfún. Àwọn àgbà kan ń wá ẹ̀mí gígùn. Ifá ní wọn yóò gbó, wọn yóò tọ́, bí wọ́n bá lè pa òfin mẹ́rìndínlógún mọ́. Lára òfin náà ni pé kí ẹni tí kò mọ nǹkan má ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n, pé kí a má ṣi ẹlòmíràn lọ́nà, pé kí a má gba ọ̀pá lọ́wọ́ afọ́jú, pé kí a má dalẹ̀ ọ̀rẹ́, àti pé kí a má tú àṣírí awo. Nígbà tí wọ́n délé ayé, gbogbo ohun tí a ní kí wọ́n má ṣe ni wọ́n ṣe. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n figbe ta pé Ọ̀rúnmìlà ló ń pa àwọn. Ọ̀rúnmìlà ní òun kọ́ o, òfin tí wọn kò pa mọ́ ló ń pa wọ́n.

Ẹ kíyè sí i dáadáa. Àgbà ni Ifá ka òfin náà fún, kì í ṣe ọmọdé. Àgbà náà ló rú u. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ bá dàrú lónìí, kí a má sáré sọ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni kò ní ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ ìjà tó ti tú ẹgbẹ́ ká, láti ẹnu àwa tí irun ti funfun lórí wa ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún wo bí a ṣe ń ṣe ní ìpàdé ìtàdógún. Ẹni tó bá wọlé yóò júbà, yóò kí àwọn àgbà kí ó tó jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ yóò tọrọ gáfárà. Bí awo kan bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀, àwọn tó kù yóò máa gbè é, nítorí wọ́n mọ̀ pé ohun tó ń sọ tọ̀nà. Bí ó bá ṣì í, wọn yóò sọ fún un níbẹ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni pé àtúnṣe ní gbangba kò ṣàjèjì sí wa rárá. Ohun tó ṣàjèjì ni kí a máa tún ara wa ṣe pẹ̀lú èébú. N kò tíì rí ìpàdé awo tí wọ́n ti bú ìyá ẹnì kan nítorí pé ó gbàgbé ẹsẹ̀ Ifá. Lórí fóònù, mo ti kà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Kí ló fà á? Ojú ni. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí o bá ń wo ojú ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀, tí o rí ewú orí rẹ̀, tí o rí i pé ọ̀rọ̀ rẹ dùn ún, ìwọ fúnra rẹ yóò rọra. Lórí fóònù, orúkọ lásán àti àwòrán kékeré lò ń rí. Ẹnu a sì yá ju ẹsẹ̀ lọ. Níwọ̀n bí ojú kò ti sí níbẹ̀ láti kó wa níjàánu, àfi kí òfin ṣe iṣẹ́ tí ojú ń ṣe.

ÀWỌN ÒFIN TÓ YẸ KÓ WÀ

Òfin kìn-ín-ní: kí a mọ ẹni tó wọlé. Kí ẹni tuntun sọ orúkọ rẹ̀, ìlú tó ń gbé, àti ilé awo tàbí ilé òrìṣà tó ti wá. Bí kò bá tíì tẹ Ifá, kí ó sọ bẹ́ẹ̀ láìtijú. Ọ̀gbẹ̀rì kì í ṣe èébú, ibẹ̀ ni gbogbo wa ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìdí tí a ó fi béèrè àdírẹ́sì ilé rẹ̀ tàbí Odù tí ó tẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi orúkọ ìnagijẹ bú àgbàlagbà kò yàtọ̀ sí ẹni tó fi aṣọ bojú ju òkúta sínú agbo.

Òfin kejì: ìkíni àti ọ̀wọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kí ó kọ́kọ́ kí ilé. Kí ọmọdé má fi "o" àti "ìwọ" bá baba àti ìyá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ibi kan wà tí àwa tí a wà nílé gbọ́dọ̀ mú sùúrù. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Ifá tó wà ní òkè òkun ń fi ẹ̀rọ ìtumọ̀ kọ Yorùbá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìyàtọ̀ láàárín "o" àti "ẹ," ẹ̀rọ a sì máa mú èyí tó bá wù ú. Ẹni tó wà ní Chicago tó kọ ọ́ pé "Ìwọ bàbá, kí ni èrò rẹ?" kò rí ọ fín. Ọkàn rẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀, ẹ̀rọ ni kò mọ ìdọ̀bálẹ̀. Kí a fi ìfẹ́ kọ́ ọ, kí a má fi í ṣe ẹlẹ́yà. Bákan náà ni kí àwọn tó wà lókè òkun mọ̀ pé owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kò sọ wọ́n di àgbà lé ẹni tó tẹ Ifá kí wọ́n tó bí wọn.

Òfin kẹta ló wúwo jù lọ: àṣírí. Ọ̀nà méjì ni àṣírí pín sí, àwa sì ń rú méjèèjì. Àkọ́kọ́ ni àṣírí awo. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú igbódù, inú igbódù ni kó wà. Kò yẹ kí a rí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù rárá, ìbáà jẹ́ nínú ẹgbẹ́ tí a pè ní ti awo nìkan. Ta ló lè búra pé gbogbo ẹni 300 tó wà nínú ẹgbẹ́ ni awo? Ta ló mọ ọmọ tàbí aya tó ń gba fóònù wọn wò? Òótọ́ ni pé WhatsApp fún wa ní ohun tó lé díẹ̀ ní ọjọ́ méjì láti pa ohun tí a fi ránṣẹ́ rẹ́ kúrò lójú gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, kí lo fẹ́ pa rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Èkejì ni àṣírí ẹni tó wá dífá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó ṣojú mi. Awo kan nínú ẹgbẹ́ kan dífá fún obìnrin kan tó ń wá ọmọ. Odù tó jáde ṣòro fún un. Kò sí aburú nínú kí awo béèrè lọ́wọ́ awo, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é láti ilẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán ọpọ́n náà ló gbé síbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ obìnrin náà àti orúkọ ọkọ rẹ̀, ó sì kọ àìsàn tó ń ṣe é sí abẹ́ rẹ̀. Ìbátan ọkọ wà nínú ẹgbẹ́ náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé etí ìyá ọkọ. Obìnrin náà kò padà wá gbé ẹbọ tí Ifá yàn fún un. Ó ní òun kò ní dífá mọ́ láyé òun.

Ẹ̀yin ọmọ Awo, ta ni ká sọ pé ó lé obìnrin yẹn kúrò nídìí Ifá? Kì í ṣe pásítọ̀, kì í ṣe àlùfáà, kì í ṣe àwọn tó ń pè wá ní abọ̀rìṣà. Àwa ni. Nítorí náà, òfin ibẹ̀ gbọ́dọ̀ le. Bí awo bá fẹ́ béèrè, kí ó dárúkọ Odù àti ìbéèrè rẹ̀, ó tán. Kò gbọdọ̀ sí orúkọ oníbéèrè níbẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí àwòrán rẹ̀, ìlú rẹ̀ tàbí ohun tó ń ṣe é. Odù tí ọmọ tuntun bá sì tẹ̀ sí, òun àti olúwo rẹ̀ ló ni ín. Kì í ṣe ohun tí a ń gbé sórí status fún gbogbo ayé láti máa wò.

Òfin kẹrin: ẹsẹ̀ Ifá. Ẹni tó bá kọ ẹsẹ̀ Ifá sínú ẹgbẹ́, kí ó sọ Odù tó wà, kí ó sì sọ ọ̀dọ̀ ẹni tó ti gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́ inú ìwé ló ti kà á, kí ó dárúkọ ìwé náà. Àwọn kan wà báyìí tó jẹ́ pé ohun tó bá wù wọ́n láti sọ, wọn yóò fi orúkọ Odù sí i lórí. Òfin Ìká Òfún tako ìyẹn gbangba: ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ohun tó yàtọ̀ kì í ṣe irọ́ nígbà gbogbo. Ibí yìí ni ìjà ti pọ̀ jù. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ipò Odù. Bí ọ̀pọ̀ ilé awo ti ń kà á, lẹ́yìn Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú, Ìwòrì àti Òdí, Ìrosùn àti Ọ̀wọ́nrín ló kàn, kó tó wá kan Ọ̀bàrà àti Ọ̀kànràn. Ṣùgbọ́n William Bascom, òyìnbó ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ láàárín ọdún 1937 sí 1938, tó sì gbé ìwé rẹ̀ lórí Ifá jáde ní 1969, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní Ifẹ̀, Ọ̀bàrà àti Ọ̀kànràn ló ṣáájú Ìrosùn àti Ọ̀wọ́nrín. Ọ̀rọ̀ ipò yìí kì í ṣe eré, nítorí nígbà tí a bá ń fi ìbò béèrè, àgbà Odù wà lára ohun tí a ń wò. Ẹni tó bá kọ́ Ifá ní Ifẹ̀ àti ẹni tó kọ́ ọ ní Ọ̀yọ́ lè jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí inú méjèèjì sì dùn. Lórí fóònù, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó kí ọ̀kan pe èkejì ní òpùrọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin nínú Ifá. Ní ọ̀pọ̀ ilé Ifá ní Cuba, obìnrin kì í tẹ Ifá láti di awo, ìkọ́fá ni wọ́n ń fún un. Níhìn-ín, a ní ìyánífá. Ọ̀rọ̀ yìí ti da ọ̀pọ̀ ọdún rú láàárín ilé àti ẹ̀yìn odi. Kò sí ẹgbẹ́ orí fóònù tó lè parí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ohun tí òfin lè ṣe ni kí ó kọ́ wa ní gbólóhùn kan: "Bí a ṣe gbọ́ ọ nílé tiwa nìyí." Ẹni tó bá fi gbólóhùn yìí ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gbé ilé ẹnikẹ́ni ṣubú, kò sì gbé tirẹ̀ tà.

Òfin karùn-ún: owó. Kí a má polówó àwúre, ìsọ̀yè tàbí ìtẹ̀nífá nínú ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́. Bó bá di dandan kí a dá owó fún ẹni tó ń ṣàìsàn tàbí fún ọdún, kí ẹni mẹ́ta dúró lé e lórí, kí a kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde síbẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti kà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ bá ẹni tuntun ní kọ̀rọ̀ láti sọ fún un pé Ifá rí ikú lórí rẹ̀, pé kí ó fi owó ránṣẹ́. Ẹni tó bá ṣe èyí, kí a má kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀pá afọ́jú ló gbà.

Òfin kẹfà: àkókò àti ìwọ̀n. Bí agogo bá lu méjìlá òru ní Ìbàdàn, mẹ́jọ alẹ́ ló ń lù ní Salvador. Kò sẹ́ni tó burú nínú àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kí a yan wákàtí tí ọ̀rọ̀ ńlá yóò máa wáyé. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú ń jẹ dátà ẹni tí kò ní owó, kí a máa gé e kúrú. Ìròyìn tí a kò mọ orísun rẹ̀, tí a kàn ń gbé láti ẹgbẹ́ kan dé òmíràn, kí ó dúró lọ́wọ́ ẹni tó rí i.

Òfin keje: ẹ̀sìn ẹlòmíràn àti ìṣèlú. Kò sí ohun tí bíbú Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì fi kún Ifá. Ìbátan wa ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn kan nínú wọn sì ń yọ́ wá dífá lóru. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú, kí a gbé e lọ síbòmíràn.

ÒFIN ÌJỌBA NÁÀ Ń WÒ WÁ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ orí fóònù, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e lọ. Ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin lórí ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára ní 2015, wọ́n sì tún un ṣe ní 2024. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi irọ́ ránṣẹ́ láti da ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí ẹlòmíràn sínú ewu lè fẹ̀wọ̀n ọdún 3 jura, tàbí kí ó san owó ìtanràn tó lè tó mílíọ̀nù 7 náírà, tàbí kí ó rí méjèèjì. Òfin mìíràn tún jáde ní 2023 tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni ọmọ Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n awo tó jẹ́ pé ọlọ́pàá ló ń mú un pa àṣírí mọ́, ṣé awo ni?

ẸNU TA NI ÒFIN FẸ́ PA MỌ́?

Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ kan ń sọ. Wọ́n ní bí a bá gbé òfin kalẹ̀, àwọn àgbà ni yóò fi pa ẹnu àwọn mọ́, pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni yóò di àrífín. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe lásán. A ti rí ẹgbẹ́ tí alábòójútó, ẹni tí àwọn ọmọ wa ń pè ní ádímíìnì, ti yọ ènìyàn jáde nítorí pé ó béèrè ohun tí òun kò lè dáhùn. Òfin tó bá ń dáàbò bo àgbà nìkan kì í ṣe òfin, odi ni.

Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú òfin pé ìbéèrè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kí ọmọdé tọrọ gáfárà, kí ó béèrè. Kí àgbà tó mọ̀ ọ́n dáhùn. Kí èyí tí kò mọ̀ ọ́n sọ pé òun yóò lọ wádìí. Bó bá jẹ́ ohun tí a kì í sọ fún ẹni tí kò tíì tẹ Ifá ni, kí a sọ bẹ́ẹ̀ fún un pẹ̀lú ohùn tútù: "Èyí di inú ilé." Kò ní bínú. Ohun tó ń bí ọmọ nínú ni kí a pè é ní òmùgọ̀ nítorí pé ó fẹ́ gbọ́n. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

BÍ A ÓÒ ṢE GBÉ E KALẸ̀

Kí ẹnì kan má dá òfin ṣe. Kí àwọn àgbà, àwọn obìnrin àti àwọn ọ̀dọ́ jọ jókòó, kí wọ́n gbà á, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ Ifá kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Kí òfin má pọ̀ jù. Èyí tí ènìyàn kò bá lè kà tán ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, kò sẹ́ni tí yóò pa á mọ́. Kí a kọ ọ́ ní Yorùbá, kí a sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, Potogí àti Sípáníìṣì níbi tí a bá ní ọmọ ẹgbẹ́ tó ń sọ ọ́. Kí ó wà lókè ẹgbẹ́ níbi tí ojú ẹni tuntun yóò ti kọ́kọ́ rí i, kí ẹni náà sì dáhùn pé òun gbà kí ó tó sọ ohunkóhun.

Kí alábòójútó tó mẹ́ta ó kéré tán, kí obìnrin wà nínú wọn, kí ẹni tó ń gbé lókè òkun sì wà níbẹ̀ bí ẹgbẹ́ bá ní àwọn ará òkè òkun. Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀, kí wọ́n bá a sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Bó bá tún ṣe é, kí wọ́n kìlọ̀ fún un ní gbangba. Ẹ̀ẹ̀kẹta, kí ó jáde fún ìgbà díẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti ẹni méjì, kí wọ́n gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí a bá yọ jáde, kí ọ̀nà àbọ̀ wà fún un: kí ó tọrọ àforíjì, kí ó padà wọlé. Ìjà kì í ṣe ikú.

Lékè gbogbo rẹ̀, bí olúwo fúnra rẹ̀ bá bú ènìyàn, kí òfin mú un. Kí wọ́n bá a sọ ọ́ pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n bá a sọ ọ́. Kí ó sì bẹ ẹni tó ṣẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kan náà tó ti bú u. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá rí èyí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sí òfin tí wọn kò ní pa mọ́.

Ẹ má jẹ́ kí a rò pé nǹkan kékeré ni. Ní 2005 ni UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ogún ńlá tí ọmọ aráyé ní, wọ́n sì fi í sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn ní 2008. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá lónìí, ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ti di ọjọ́ ìsinmi fún Ìṣẹ̀ṣe. Ayé ti ń wò wá pẹ̀lú ojú ọ̀wọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ wá sí i báyìí, kì í kọ́kọ́ wá sí ojúbọ. Orí fóònù ló ti ń kọ́kọ́ bá wa pàdé. Kí ló máa bá níbẹ̀? Ṣé ọ̀rọ̀ rere tó ń yọ obì lápò, àbí ọ̀rọ̀ burúkú tó ń yọ ọfà lápó?

Ẹ̀yin alábòójútó ẹgbẹ́, ọwọ́ yín lọ̀rọ̀ kù sí. Kí ọjọ́ Ifá tó ń bọ̀ tó kọjá, ẹ pe àwọn ènìyàn yín jọ. Ẹ mú ìwé àti kálàmù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kí orúkọ àgbà tó dàgbà jù nínú yín sì jẹ́ àkọ́kọ́ tí yóò wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Kí Ọ̀rúnmìlà fún wa ní ẹnu tó ń tún ilé ṣe. Kí Èṣù má ṣe wá láàárín ara wa. Kí a gbó, kí a tọ́, kí a má kú ikú àìpa òfin mọ́. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.